Ìbéèrè Tí Tahirah Ń Bi Àwọn Oníbàárà Àǹtí Mi

                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Fìdítì,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        17 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ṣùkúrù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún? Ọ̀gá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ, àbí bọ́tìnnì lo ṣì ń rán? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ara àwa le níbí. Inú mi nìkan ni kò dùn, Tahirah ló sì fà á.

O rántí Tahirah tí a jọ wà ní kíláàsì kí n tó fi iléèwé sílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ Àǹtí Fàsílátù. Ó ti dé láti Ìbàdàn. Látìgbà tó ti dé, kò sí ẹlòmíì lẹ́nu àǹtí mi mọ́. Èmi tí mo ti ń bá wọn bó ọ̀pẹ òyìnbó látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ júùsì, èmi tí mo ń polówó ẹ̀ títí ohùn mi fi há, mo wá di “Sofiyullah, gbé àga fún Tahirah.”

Ohun tó gbé dé ni pé ká máa fi fóònù bi àwọn oníbàárà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́, torí Àǹtí fẹ́ ṣí ìsọ̀ tuntun létí títì márosẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kó ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní rà débẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti ìsọ̀ yẹn ló máa di ọ̀gá ibẹ̀. Ṣùkúrù, ìsọ̀ yẹn ni mo ń fi lálàá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó kọ sórí Wásáàpù, níbi tí gbogbo oníbàárà wà, tí Àǹtí náà wà, ni pé “Ṣé júùsì wa dára?” Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣé wọ́n ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Fìdítì, lójú ẹni tó ṣe nǹkan? Àdúrà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. “Ó dùn o, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i.” “Àmín, ọwọ́ yín ò ní rọ.” Ìyá kan ní Jobele tilẹ̀ kí wọn kú ìnáwó. Kò sí ẹni tó sọ ohun kan tó wúlò. Mo fi ohùn imú Tahirah sọ ọ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò, “Ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín,” ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Àṣé ọmọ náà ò sùn. Ó pa ìyẹn rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí Àǹtí ò ti ní rí i. Kò bi wọ́n pé ó dára tàbí kò dára mọ́. “Ìgbà wo lẹ rà á kẹ́yìn? Kí ló ni yín lára níbẹ̀?” Kò jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé, kó fi ohùn ránṣẹ́. Háà, ìdáhùn wọlé! Ẹnì kan ní ó ti dùn jù fún ìyá òun tó ní àtọ̀gbẹ, òmíràn ní ike kékeré lòun fẹ́ fún ọmọ iléèwé. Àǹtí ń pè é ní “olóye mi.” Ọkàn mi ń jó.

Mo ní kí n da gbogbo ẹ̀ rú. Mo fi síìmù mi kejì ránṣẹ́, mo di Bàbá Àbọ̀dé, awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn. O mọ ohùn wọn, tó há bí ẹni jẹ iyanrìn. Mo wúkọ́ díẹ̀, mo ní, “Ọmọ mi, ìdérí ike yín ti le jù, ṣé ẹ fẹ́ yọ mí léyín ni?” Mo ti jókòó níwájú mọ́tò wọn rí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìdérí yẹn jà. Ète mi ni pé màá tún fi ohùn ẹlòmíì sọ pé ìdérí kan náà ti rọ̀ jù, kí Tahirah má mọ èyí tó máa mú.

N ò tíì rán èkejì tí Tahirah fi ṣí ohùn náà sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ló jókòó síbẹ̀ tó ń mu júùsì? Bàbá Àbọ̀dé!

“Háà, ta ló jí ọ̀fun mi gbé?”

“Sofiyullah!” Àǹtí ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Fàsílátù, fi ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre. Òótọ́ ló kúkú sọ. Eyín ni mo fi ń ṣí i, ojú ló ń tì mí láti sọ fún ẹ.”

Mo ti ń gbéra ga. Ṣé o mọ ohun tí Tahirah ṣe? Ó pa ohùn mi rẹ́! Ó ní òun ò lè ka ohun tí Bàbá ò fẹnu ara wọn sọ mọ́ ìdáhùn. Ó ní kí wọ́n sọ tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń yìn ín. Ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ jáde, òun ni wọ́n ń yìn.

Àǹtí wá ní àwọn oníbàárà ló máa yan ẹni tó máa jókòó ní ìsọ̀ náà, èmi tàbí Tahirah. Kí n tó la ẹnu bèèrè ẹni tó máa gba ìdáhùn, Tahirah fúnra rẹ̀ ní kó máa wọlé sí fóònù Àǹtí, kí ojúsàájú má baà sí. Ṣé o rí i? Ó tún gba ìyẹn mọ́ mi lọ́wọ́. Nọ́ńbà kan, ìdáhùn kan, ẹni tó bá sì ra júùsì lóṣù yìí nìkan. N ò lè di ẹnikẹ́ni mọ́, gbogbo ìlú ti gbọ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé sí ọ. Wọ mọ́tò wá ní Sátidé. Ra ike kan, owó ara rẹ ni kí o fi rà á, kí wọ́n má baà ní mo ra ẹnu rẹ. Kí o dáhùn bó ṣe wà lọ́kàn rẹ. Tó bá jẹ́ Tahirah ni ọkàn rẹ yàn, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n mọ̀.

Bá mi kí màmá rẹ àti ọ̀gá rẹ. Àǹtí ń kí ọ. Tahirah náà ní kí n bá òun kí ọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. N ò mọ ohun tó ń kí ọ sí.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tó mọ̀ ọ́ ṣáájú Tahirah,
                                        Sofiyullah.