Ọwọ́ Òsì Tí Wọ́n Ní Mo Jù sí Ọlọ́pàá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé kò sí póòsìmáànù tó ń wá sọ́dọ̀ yín. Mo ṣì jókòó kọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ikosi, wọn á fi mí ṣẹ̀sín títí Iléyá á fi dé. Wọ́n tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. N kò jalè, n kò sì bá ìyàwó oníyàwó ṣeré. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mo sá eré àsápajúdé, ọgọ́ta máìlì ní wákàtí kan, ní títì Ikorodu nítòsí Ketu, níbi tí ìjọba ti ní ká má kọjá ọgbọ̀n. Mọ́tò wo ni wọ́n ní mo fi sá irú eré bẹ́ẹ̀? Mọ́tò yín ni. Mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú tí ẹ rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé rẹ̀, èyí tí ẹ sọ lórúkọ Àṣá. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí n ti ibí yìí jẹ́wọ́ ohun kan. Ní gbogbo Ikosi, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń pe mọ́tò yẹn ní Àṣá. Ìgbín ni gbogbo àwọn yòókù ń pè é lẹ́yìn yín, láti orí àwọn tó ń gbé ẹja wá láti Agboyi títí dé orí lèmọ́mù. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ẹ̀yin lẹ sì ń gbé mi lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń fẹsẹ̀ rìn á kí yín, wọ́n á kọjá, wọ́n á sì ti jókòó sí kíláàsì kí n tó dé. Ẹ kò mọ bí ojú ṣe máa ń tì mí tó nínú mọ́tò yẹn.

Mo ṣì ń rí yín lójú ọkàn mi. Ẹ ó ṣe Bisimilahi lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú bí ẹni tó gbé ẹyin, ẹ ó sì máa fọn fèrè fún adìẹ tó ṣì wà lọ́nà jíjìn. Bí a bá délé tán, ẹ ó bọ́ sílẹ̀, ẹ ó fọwọ́ lu ìdérí ẹ́ńjìnnì, ẹ ó ní bí ẹ bá fi Àṣá sílẹ̀ kó fò, Ikorodu kò jìnnà tó fún un. Gbogbo ilé á máa wojú ara wọn. Màmá nìkan ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì rò pé àánú yín ló ń ṣe wọ́n.

Nígbà tí ẹ ń kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, jíà mẹ́ta péré lẹ kọ́ mi. Ẹ ní kí n fi ìkẹrin sílẹ̀, pé kì í ṣe fún ọmọdé. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé, síbẹ̀ n kò fọwọ́ kan jíà kẹrin rí. Ta ló fẹ́ kí bàbá òun jí lójú oorun wá bá òun wí?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọlọ́pàá méjì ló dúró sójú títì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọ̀kan di aago mú, èkejì dúró lọ́nà jíjìn sí i, ó ń fi áńkáṣíìfù júwe fún un. Ni mọ́tò kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ tiwa bá sá kọjá. Eruku ti bo nọ́ńbà tó kẹ́yìn lára rẹ̀, wọ́n bá kọ ìyókù sílẹ̀, wọ́n lọ tú ìwé ní ọ́fíìsì wọn, orúkọ yín ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́! Wọ́n gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá fún ẹni tó ti kú láti ọdún méjì. Mo ṣàlàyé pé ẹ ti lọ. Wọ́n ní ta ló wá ń wa mọ́tò náà báyìí, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni. Wọ́n fagi lé orúkọ yín, wọ́n kọ tèmi. Èyí tó tún burú ni pé mo jáde lóòótọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ ra epo, nítorí náà n kò lè sọ pé ilé ni mọ́tò wà.

Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, wọn á gba láísẹ́ńsì mi fún odindi ọdún kan. Ohun tó já mi láyà nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń gbé Màmá lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún wọn. Wọn kò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́. Kọ́ńdọ́kítọ̀ kan ti lu ọkọ̀ pé kó máa lọ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kan wà lókè, tí èkejì ṣì wà nílẹ̀. Wọn kò sì gbà láti jókòó síbòmíràn ju àyè wọn lápá òsì nínú mọ́tò yín lọ. Ẹ rántí pé láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo mọ́tò fi apá òsì títì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, tí sítíárìn tiwa sì wà lápá ọ̀tún bíi ti àtijọ́, ẹ kò rí iwájú dáadáa mọ́. Màmá ni wọ́n ń yọrí wò ó fún yín, tí wọ́n ń kéde pé tírélà ń bọ̀. Èmi náà ni wọ́n ń bá wò ó báyìí.

Mo ronú, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo ní bí mo bá ti lè fi hàn pé mọ́tò wa kò lè sá eré ọgbọ̀n, ká má tíì sọ ọgọ́ta, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo lọ bẹ Lámídì tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri búrẹ́dì pé kó wá bá mi jẹ́rìí. Màmá náà ní àwọn á bá mi lọ. Mo ní kí wọ́n jókòó sílé sinmi, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyàwó yín.

Ní kóòtù, ọlọ́pàá tó di áńkáṣíìfù mú ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní àárín títì lòun dúró sí, lórí òkìtì yanrìn tí àwọn tó ń tún títì ṣe kó síbẹ̀. Eré tí mọ́tò náà sá kò dùn ún tó ohun tí awakọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó ní bó ṣe ń kọjá lọ, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó jù ú sí òun. "Ọwọ́ òsì, sà! Ọwọ́ òsì! Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́fà!" Lẹ́ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, tó ń gbé tirẹ̀ sókè láti fi han adájọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, nítorí náà ojú tì mí fún ohun tí n kò ṣe. Èyí tó kù tó sọ, n kò fetí sí i. Ọ̀rọ̀ tèmi ni mo ń kọ́ sórí.

Ó wá kàn mí. Mo búra lórí Kùránì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba mọ́tò yín lórúkọ jẹ́. Mo ní Ìgbín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo ní ewúrẹ́ máa ń dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Lámídì náà dìde, ó ní àìmọye ìgbà lòun ti fi kẹ̀kẹ́ yà yín sílẹ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì tó kún lẹ́yìn òun, pé òun a tilẹ̀ máa dúró kí yín dáadáa, òun a bi yín léèrè ilé, kí òun tó máa lọ. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kóòtù ń nu omi ojú. Màmá nìkan ni wọn kò rẹ́rìn-ín. Orúnkún wọn ni wọ́n ń wò.

Adájọ́ náà jẹ́ ọkùnrin tín-ínrín kan tó fi gíláàsì sójú, kò sì jọ ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lọ wa mọ́tò náà wò. Wọ́n pe ọ̀gá kan nínú àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò fún ìjọba, ó jókòó sídìí sítíárìn, mo jókòó sí àyè Màmá. Jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Inú mi ń dùn, à ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ni ọkùnrin náà bá nawọ́ sí ìkẹrin. Mo kígbe, "Ọ̀gá, ẹ má kàn án, bàbá mi ní ká má kàn án!" Kí n tó pa ẹnu dé, Àṣá ti gbéra. Bàbá, ó fò! Fìlà mi bọ́ sẹ́yìn, mo di ilẹ̀kùn mú, mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀. Abẹ́rẹ́ dé ọgọ́ta, ó tún fi méjì lé e. Ọ̀gá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì wa mọ́tò àgbà tó dáa tó báyìí rí. Ṣé ẹ̀yin lẹ tì í lẹ́yìn ni? Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?

Nígbà tí a wọlé padà, tí ọ̀gá náà sọ ohun tó rí, Lámídì ń wo ilẹ̀. Èmi tí mo búra ti di elékèé lójú gbogbo ènìyàn. Adájọ́ bi mí bóyá mo ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo mi orí. Ó mú kálàmù.

Ìgbà náà ni Màmá fọwọ́ ti bẹ́ńṣì, tí wọ́n fi orúnkún yẹn dìde. "Ọ̀gá adájọ́, ẹ dákun, fèrèsé wo ló ti na ọwọ́ jáde? Nítorí fèrèsé òsì, èmi ni mo ni ín."

Akọ̀wé pariwo pé kí wọ́n dákẹ́. Ṣé Màmá ni wọn á dákẹ́? "Mi ò dákẹ́ o. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò wa, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò lè débẹ̀, àfi tó bá gùn bíi ti ìnàkí."

Adájọ́ gbé kálàmù sílẹ̀. Ó bi ọlọ́pàá náà pé fèrèsé wo. Ó ní ti òsì, èyí tó kọjú sí òun ní àárín títì. Ẹni mélòó ló wà nínú mọ́tò? Ó ní ẹnì kan ṣoṣo, awakọ̀ náà ni, ó sì jókòó ti fèrèsé náà gbágbá. Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó jáde síta fúnra rẹ̀, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ó jókòó sídìí sítíárìn yín lápá ọ̀tún, ó na ọwọ́ òsì títí, ìka kan kò yọ síta. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. Mọ́tò tó sá eré náà, ti ìgbàlódé ni, èyí tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Ọlọ́pàá náà sin mí dé ìdí mọ́tò. Ó ní kí n má bínú, ṣùgbọ́n bí mo bá pàdé ọkùnrin náà níbikíbi, kí n bá òun dì í mú, nítorí ọwọ́ òsì yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn òun.

Mo rò pé inú Màmá á máa dùn lọ́nà. Tírélà tó ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń kéde fún mi títí a fi dé Ojota. Wọ́n wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa mọ́tò bàbá mi níwájú àlejò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì kò sọ fún mi rí.

Wọ́n ní oyún méjì ló bàjẹ́ lára àwọn kí n tó dé, èkejì nínú lọ́rì kan tó sáré já sí kòtò lójú ọ̀nà Ikorodu. Nígbà tí tèmi dúró, ẹ lọ ra mọ́tò. Láti Ikosi dé ilé ìgbẹ̀bí, ẹ rọra ń wà á débi pé Màmá a máa sùn lọ. Nígbà tí wọ́n bí mi tán, ẹsẹ̀ yín kò tún lè tẹ̀ ẹ́ kó sáré mọ́ bí ẹnì kan nínú wa bá ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dá jáde, ẹ ń fò. Màmá mọ̀, nítorí kòkòrò tó máa ń kú mọ́ gíláàsì iwájú. Màmá ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Mo béèrè ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù, bóyá ẹ mọ̀ nípa Ìgbín. Wọ́n ní ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pé èmi ni. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, Màmá fẹ́ nà mí, ẹ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ẹ ní ọmọ tó ń pe mọ́tò bàbá rẹ̀ ní ìgbín, ó wà láàyè ló ṣe ń pè é.

Mo ní láti ya mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo sunkún, Bàbá. Tírélà ń kọjá lára wa, Màmá sì ń sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ sunkún kí n sun ún, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, epo ń jó.

Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún mi? Ṣé ẹ kò lè gbé mi dání lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí n rí i bí ẹ ṣe ń fò? Àbí ẹ gbìyànjú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ yín kọ̀? Ẹ dárí orúkọ yẹn jì mí, kí ẹ sì dárí èyí tí mo tún sọ níwájú adájọ́ jì mí. N kò mọ̀ ni. Mo rò pé mọ́tò ni kò lè sáré.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí ẹ rọra gbé wá sáyé.