Èkúté Màdámù Bac

Ajé, 4 février 2002
Sàdíà tún fi mí ṣẹ̀sín. Lójú oníbàárà o! Mo fẹ́ ṣí fọ́tò obìnrin kan lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá ni wọ́n ní ká máa tẹ èkúté – ìka tèmi a máa falẹ̀. Kàkà kí fọ́tò ṣí, kọ̀ǹpútà á ní kí n yí orúkọ rẹ̀ padà. Sàdíà ní, "Àǹtí Hàwáù, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ ni àbí ẹ̀ ń kí i?" Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín.

Èmi tí mo jẹ́ ọkọ rẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi Lassissi ló fẹ́ ẹ lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ nínú sítúdíò fọ́tò rẹ̀ ní Koumassi yìí kí ìyàwó tó gbé bac rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé gíga, dé. Màdámù Bac. Ẹ̀gbọ́n ń ṣí sítúdíò kejì ní àdúgbò Siporex. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa sọ ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́. Bó bá fún un, mo gbé.

Ìṣẹ́gun, 5
Sàdíà tún sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Ó dáa.

Ọjọ́rú, 6
Mo lọ bá Taofic, aládùúgbò wa tó ni cyber, ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fi hàn mí pé èèyàn lè yí ìwà èkúté padà: kí ọfà ojú kọ̀ǹpútà kàn dúró lórí fáìlì, kọ̀ǹpútà ti mú un, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn á tẹ̀ ẹ́, á ṣí. Mo ní kó tún un ṣe kí n rí i. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ìka ló ń dùn mí. Irọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7
Kí wọ́n tó dé, mo ti ṣe é – sórí kọ̀ǹpútà Sàdíà, kì í ṣe tèmi. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe, fọ́tò kan náà ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ibi tí ọfà bá kọjá ń di búlúù. "Mais c'est quoi ça?" Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni èyí. Òógùn bò ó. Inú mi dùn débi pé mo ra alloco, dòdò ìlú yìí, fún gbogbo wa.

Jímọ̀, 8
Ó ti kó sí páńpẹ́ mi! Màdámù Bac fẹ́ pa fọ́tò kan tí kò dáa rẹ́. Kò mọ̀ pé ọfà ti sinmi lórí dossier, àpò tí fọ́tò ìkómọ Alájà Lìádì oníbàárà wa wà, tí kọ̀ǹpútà sì ti mú un. Ó tẹ Suppr tí í pa nǹkan rẹ́, ó tẹ oui, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo fọ́tò ìkómọ lọ. Alájà dé lọ́sàn-án, ó pariwo títí èrò fi pé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ padà sídìí ààrò. Ó sunkún. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò ṣe mí láàánú rárá.

Àbámẹ́ta, 9
Ẹ̀gbọ́n ní kí n wá bá wọn wá fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà Sàdíà. Kọ́kọ́rọ́ Siporex wà lórí tábìlì. Mo mọ̀ pé inú corbeille, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà, ni ohun tí a bá pa rẹ́ ń lọ. Mo jókòó bí ọ̀gá. Mo gbé ọfà lé e, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí. Dossier Alájà nìyẹn!

Sàdíà ló kọ́kọ́ lanu, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́. Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan ni tibí?"

Ìka mi ṣì wà lórí èkúté. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Kò bú mi – ì bá bú mi. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ajé, 11
Mo dé láàárọ̀, wọ́n ti yí kọ̀ǹpútà tèmi náà sí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ní Sàdíà ló ṣe é kó tó lọ sí Siporex, kí ìka Àǹtí lè sinmi. Mo ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo fọ́tò ń ṣí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n pè é lórí fóònù, kí n dúpẹ́. Mo ní mo ti gbọ́.