Àjà Onípákó Tó Gba Ènìyàn Méjì: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ebenezer Akínpẹ̀lú Ọnàolápọ̀ (1947–2025)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1947 ni wọ́n bí bàbá wa, Ebenezer Akínpẹ̀lú, sí agbo ilé Ọnàolápọ̀ lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọmọ agbẹ́gilére ni wọ́n. Bàbá wọn ń gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìyá wọn, Rose, ń ta igbá fínfín. Wọ́n ní kí wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn pè ni wọ́n ti mọ òórùn igi kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1960. Ká má purọ́ mọ́ òkú, ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ wọ́n lórí. Igi ló wọ̀ wọ́n lára.

Ní ọdún 1962, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ Bàbá Akínkúnmi ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́. Àga, òrùlé, pósí, kò sí èyí tí wọn kò kàn níbẹ̀. Èèwọ̀ kan péré ni ọ̀gá wọn fún wọn: ẹni tó ń kan pósí kì í dùbúlẹ̀ kan pákó sókè orí ara rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kan pósí ara rẹ̀ nìyẹn. Bàbá di èyí mú ju Òfin Mẹ́wàá lọ. Bó ti wù kí àjà ilé rẹlẹ̀ tó, orí ìdúró ni wọ́n ti ń kàn án, wọn ìbáà tẹ̀ bíi dòjé.

Ní ọdún 1974, wọ́n gbé màmá wa, Martha, ọmọ Ìkòyí-Ilé, níyàwó ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Áńgílíkà tẹ̀lé ìyàwó, ó di Onítẹ̀bọmi! Àwọn ará Ọ̀yọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé omi tí àlùfáà wọ́n sí wọn lórí ní kékeré ni kò tó wọn. Ìgbàgbọ́ náà kò yẹ̀ o. Wọ́n di díákónì ní ọdún 1991, àwọn ló kan gbogbo àga tí ìjọ ń jókòó lé dòní, àwọn náà ló sì ń kan pósí fún òkú tí kò ní ẹbí.

Màmá gbé àlá kan wọlé ọkọ. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, òyìnbó míṣọ́nnárì kan gbé bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ní ibùsùn nínú wá sí Ìkòyí-Ilé. Màmá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí àjà onípákó tó ń dán lókè ibùsùn náà. Láti ọjọ́ náà ni ilé tó ń rìn ti wọ inú oorun wọn. Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, wọ́n rọ́ àlá yìí fún bàbá, bàbá sì ní, “Martha, ìwọ àtèmi yóò sùn nínú irú rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé.”

Ìlérí náà pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta kí ọ̀nà rẹ̀ tó là. Ní ọdún 2023, dókítà ní ó ti ń rẹ ọkàn bàbá. Oṣù yẹn náà ni ìjọ yọ̀ǹda bọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan tó ti dógùn-ún sábẹ́ máńgòrò ọgbà ìjọ fún wọn. Bóyá òun gan-an ni màmá rí ní kékeré, bóyá òun kọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ṣùbòmí, àkọ́bí wọn tó jẹ́ mẹkáníìkì, tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Àjà tí ikán ti jẹ tán ló kù sí bàbá lọ́wọ́, ẹ̀rù tó sì ń bà wọ́n ni pé kí ọkàn àwọn má lọ dákẹ́ kí ìlérí náà tó ṣẹ.

Wọ́n fá pákó afárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n gbẹ́ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè wọnú èkejì, wọ́n fi òwú àràbà sábẹ́ irin òrùlé kí ooru má baà wọlé. Bíi ti àjà ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kàn án. Òrùlé ọkọ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ahun, ilé kì í tẹ̀. Pákó mẹ́ta dá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá ń rẹ pákó sómi fún ọjọ́ méjì kó lè gbọ́ràn.

Pákó gbọ́ràn, èèwọ̀ ni kò gbọ́. Ibùsùn ọkọ̀ náà kò ṣeé tú, òrùlé rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Àfi kí ènìyàn dùbúlẹ̀ kó tó lè kan ti àárín. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n lọ́ ọrùn, ìṣó ń wọ́, èémí ń tán. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ dúró gbọin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, màmá wọnú ọkọ̀, wọ́n na gbalaja sórí ibùsùn, wọ́n sì fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

“Bàbá Ṣùbòmí, ẹ wá dùbúlẹ̀. Pósí wo lẹ rí láyé tó gba ènìyàn méjì?”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n dùbúlẹ̀. Màmá ń na ìṣó sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èérún igi ń bọ́ sí àwọn méjèèjì lójú, ọjọ́ kọkànlá ni àjà parí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Ṣùbòmí wà wọ́n lọ sí Ìkòyí-Ilé. Ọkọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà, wọn kò bínú. Wọ́n sùn nínú rẹ̀ lóru náà; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oòrùn ọyẹ́ tàn sára pákó, gbogbo inú ọkọ̀ pọ́n bí epo, ó ń rùn bí igbó. Màmá ní àwọn kò mọ̀ bóyá àwọn ti jí. Bàbá ní kí wọ́n má tíì jí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2025, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n lọ sinmi nínú ọkọ̀ náà níwájú ilé. Oorun ọ̀sán gbé àwọn méjèèjì lọ. Màmá nìkan ló jí.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Martha, sáyé lọ. Àwọn ọmọ: Ṣùbòmí, Rejoice àti Olúwafèyíkẹ́mi. Àti ọmọ-ọmọ mẹ́fà, tí Tijésùnimí jẹ́ àgbà wọn.

Ọlọ́runtóbi, tí bàbá kọ́ níṣẹ́, ló kan pósí yìí. Ìyókù pákó afárá náà ló fi ṣe ìdérí rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé, màmá fi ìka wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì, wọ́n ní, “Ọlọ́runtóbi, ṣé kò lè fẹ̀ ju báyìí lọ ni?” Láti ogún ọdún ló ti ń kan pósí. Ó bú sẹ́kún.

Ẹ sùn re o, ọmọ agbẹ́gilére. Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀, ẹ fi àyè màmá sílẹ̀. Ṣùbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè pè wọ́n.