Bí Rédíò Ṣe Pe Bàbá Mi ní Jàǹdùkú

Èmi Fọlákẹ́, tí mo ń tẹ ìwé fún aráàlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toll Gate ní Ṣàngó, ni mò ń kọ èyí. Àgbà àgbẹ̀ kan láti Ìgbẹsà ló ń sọ ọ́ sí bàbá wọn tó ti kú. Wọn kò kàwé. Wọ́n ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, pàápàá èyí tó bá burú.

Bàbá mi,

Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n pa yín. Ògiri ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sórí oko yín ti ga ju igi obì yín lọ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ yín dà sí ni àwọn tírélà ń dúró sí báyìí.

Mi ò gbàgbé ohunkóhun. Ẹ jókòó sórí ebè, ẹ ní kí katapílà gorí yín kọjá. Àwọn ọmọ ìta tí àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ náà kó wá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fi bàtà tẹ ọrùn mi mọ́lẹ̀, ẹnu mi kún fún iyẹ̀pẹ̀. Èkejì gbé ṣọ́bìrì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló là á mọ́ yín lórí. Ní ẹ̀ẹ̀kejì ni mo gbọ́ tí egungun fọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò nídìí, ẹ ti lọ.

Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún! Nínú ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, rédíò ìjọba ní àwọn jàǹdùkú jà lórí ilẹ̀ ní Ìgbẹsà, pé jàǹdùkú kan sì kú. Inú rédíò yín gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, èyí tí ẹ fi rọ́bà dì yíká, tí ẹ kì í jẹ́ ká mí bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rántí ìgbátí tí ẹ gbá mi nígbà tí mo rẹ́rìn-ín láàárín ìròyìn? Etí òsì yẹn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ títí dòní. Ẹ máa ń sọ pé rédíò kì í purọ́. Àwọn ará àdúgbò náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, a ká ọ̀pọ̀ ẹní padà láìsí ẹni tó jókòó lé e. Ta ló fẹ́ wá ṣàdúrà fún jàǹdùkú?

Mo búra pé màá mọ ẹni tó pè yín bẹ́ẹ̀. Fọlákẹ́ ló là mí lóye pé òfin wà tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Mo ní kó kọ ọ́ sí iléeṣẹ́ rédíò náà: ìlànà wo ni ẹ fi ń kọ ìròyìn, ta ló sì ní kẹ́ ẹ pe bàbá mi ní jàǹdùkú láìbi ará ilé rẹ̀? Wọn ò fèsì. A tún kọ. Wọn ò fèsì. Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ̀ṣọ́ kan tì mí, mo ṣubú, mo dìde, mo tún jókòó.

"Bàbá, ẹ máa lọ sílé jàre! Àbí ẹ ò ní oko ni?"

"Mi ò ní mọ́. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Lẹ́tà kẹta ni wọ́n dáhùn. Ìlànà wọn dára, Bàbá. Ó ní bí ènìyàn bá kú nínú ìjà ilẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ará ilé rẹ̀. Bí ará ilé kò bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀! Mo ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Fọlákẹ́, tó ń kà á fún mi, ní kí n dúró. Ìwé kan kù lábẹ́. Oníròyìn wọn kọ ọ́ pé òun dé ilé olóògbé lọ́sàn-án, pé àkọ́bí rẹ̀ fi àdá ṣá òun lọ́rùn ọwọ́, ó sì fọ́ ẹ̀rọ òun mọ́ ògiri.

Fọlákẹ́ wò mí. Nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni mo ní kó kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò wá bi wá.

Ó wá, Bàbá. A ṣì ń wẹ̀ yín lọ́wọ́ nígbà tó dé. Ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́." Mo ní, "Àdá mi lo máa gbọ́!" Mo fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan lọ́jọ́ náà, òun ló sún mọ́ mi jù. Ẹni tó gbé ṣọ́bìrì ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá, tí wọ́n pè yín ní jàǹdùkú, nìkan ló dé iléeṣẹ́ rédíò. Ṣé èmi ni mo pè yín ní jàǹdùkú?

Mo wá a lọ. Súlè lorúkọ rẹ̀. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́, òsì ló fi ń kọ̀wé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo lè bí lọ́mọ, kò ní kí n dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní kó kọ ti àdá náà mọ́ ọn.

"Wọ́n lè tì yín mọ́lé o."

"Kí wọ́n wá."

Lánàá ni wọ́n kà á nínú ìròyìn. Mo gbé rédíò yín sórí sàréè, mo yí etí ọ̀tún sí i. Wọ́n dárúkọ yín. Wọ́n ní àgbẹ̀ ni yín, pé orí oko yín ni wọ́n ti pa yín, pé àwọn ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yín ṣá oníròyìn ládàá. Mi ò mí títí wọ́n fi parí. Wọn ò purọ́ kankan, Bàbá.

Mo ṣì ń wá ẹni tó gbé ṣọ́bìrì. Mi ò ní sọ fún yín pé mo ti dárí jì í.

Èmi ọmọ yín, tí ọwọ́ yín ṣì wà létí òsì rẹ̀.

Wọ́n ti tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún wọn síbí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìdáyà, àbúrò wọn obìnrin.

Ẹlẹ́rìí kejì: Súlè, oníròyìn. Ọwọ́ òsì ló fi buwọ́ lù ú. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí lòun wá ṣe, òun kò tíì dárí jì wọ́n lórí ọwọ́ òun.