Síídì Tó Ń Lé Ẹyẹ Lóko Wa

Ilé Oyèkúnlé,
Ẹ̀yìn Ọjà, Ìrókò,
Akínyẹlé.

Sanmí ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo sì kí Ṣeunfúnmi, ọmọ ọmọ mi tí a kò tíì gbé lọ́wọ́ rí. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí òtútù ibẹ̀ má ṣe yín ní jàǹbá. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún ń ro mí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dé oko, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí etí ìyá rẹ. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń dín kù ni etí rẹ̀ ti ń mú sí i. Bí mo bá lọ dúró lẹ́yìnkùlé tí mò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, inú ilé ni yóò ti dá mi lóhùn. Ọmọ́ṣọlá, ọmọ Bàbá Hezekiah, ń padà sí Kánádà lọ́sẹ̀ yìí, òun ni mo fi lẹ́tà náà rán. Bí o bá kà á tán, jọ̀wọ́, má pè mí nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nǹkan kékeré tó o fi ránṣẹ́ sí wa ni, èyí tó o ní ká kì bọ ara kọ̀ǹpútà kó lè máa gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú fóònù mi. Mo mọ ìdí tó o fi rà á. Dókítà ojú ti sọ fún wa n'Ìbàdàn pé èyí tó ti lọ nínú ojú ìyá rẹ kò ní padà mọ́, pé ìyókù ni oògùn tó ń kán sójú ń bá wa dì mú. Ojú fóònù ti kéré jù fún un. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ńlá tó o gbé sílé nígbà tó o ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa ní Moniya, bó bá fi imú kàn án, ó ṣì ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí òun rí Ṣeunfúnmi níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, kí òkùnkùn tó dé. Fọ́tò kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní fọ́tò kì í dáni lóhùn.

Nígbà tí ẹrù rẹ dé, nǹkan kékeré yẹn àti síídì kan ló jọ wà nínú páálí. Nǹkan náà kò ju ìka ọwọ́ lọ, a sì gbà pé òun nìkan ló ní iṣẹ́ í ṣe. Ní ti síídì, ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń fi síídì ṣe ní Ìrókò. Oko àgbàdo wo ni wọn ò ti so ó kọ́? Bí oòrùn bá ti ta sí i lára tó ń kọ mànà, ẹ̀ga ò ní bà síbẹ̀. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ mú un, ó fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Ọmọ yìí mà ní làákàyè o, ó rántí pé ẹyẹ ń da bàbá òun láàmú. Gbé e lọ sóko." Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ki okùn bọ ihò àárín rẹ̀, mo so ó kọ́. Ká má parọ́, ó ṣiṣẹ́. Ẹyẹ sá.

Nǹkan kékeré yẹn ni kò ṣiṣẹ́. Mo kì í bọ ibí, mo kì í bọ ọ̀hún, iná pupa kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ yà sí i. Nígbà tí mo rò ó títí tí ọpọlọ mi ò gbé e, mo gbé kọ̀ǹpútà sáyà lórí ọ̀kadà, ó di Moniya. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Olúwabùnmi lorúkọ rẹ̀. Ó wò ó, ó ní nǹkan náà kò bàjẹ́, kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ó dà bí àlejò tó wọ agboolé tí ẹnikẹ́ni ò dá mọ̀, pé síídì tó bá a wá ló yẹ kó fi í han onílé. Ó wá ní, "Bàbá, síídì ẹ̀ dà?" Mo ní ó wà lóko.

Mo lọ já a. Òjò ti pa á, oòrùn ti sá a, igi àgbàdo ti ha á lójú. Kọ̀ǹpútà gbé e mì, ó kùn díẹ̀, ó tì í jáde. Olúwabùnmi ní kí n má banú jẹ́, pé ohun tó wà nínú síídì náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo bi í pé ṣebí nítorí ká lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì la ṣe ń wá a? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ wa ti dà bíi ti ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú ilé. Ó ṣèlérí pé òun máa bá wa gbà á sórí kọ̀ǹpútà tòun. Èyí tó kọ́kọ́ gbà, kọ̀ǹpútà rẹ kọ̀ ọ́, ó ní ó ti dàgbà jù fún un. Lọ́jọ́ tí iná bá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní sí. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, wọ́n á mú iná lọ. Bí mo ṣe ń lọ tí mò ń bọ̀ nìyẹn títí àgbàdo fi gbó lóko, tí a sì kó o wálé.

Ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń wo ìyá rẹ. Yóò da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, yóò ní ife ló yẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ṣí Bíbélì sílẹ̀, yóò máa ka Sáàmù látorí, bẹ́ẹ̀ ibi tó ṣí kì í ṣe Sáàmù. Wòlíì gbàdúrà sí omi fún un, ó ń fi bọ́jú láràárọ̀, kò sì fi oògùn dókítà sílẹ̀. Kí lèmi lè ṣe, ju kí n gbé kọ̀ǹpútà lọ, kí n gbé e bọ̀? Agbára mi ò ká a, Sanmí. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé síídì oko yẹn ló dá wa dúró. Òun ló ní kí n gbé e lọ, bó bá sì gbọ́, kò ní dárí ji ara rẹ̀. Ìwọ náà má ṣe sọ ọ́ láéláé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Olúwabùnmi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé. Ó ti rí ohun inú síídì náà, irú èyí tó bá kọ̀ǹpútà wa mu. Ó tò ó, iná pupa yẹn di àwọ̀ ewé, ó sì bọ́ síta lọ gbé fóònù sójú fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Ìyókù ṣojú rẹ, ìwọ lo pè. Mo sún àga ìyá rẹ títí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì kọ̀ǹpútà. A gbọ́ ohùn rẹ, a gbọ́ ẹ̀rín ọmọ. O gbọ́ ohun tí ìyá rẹ sọ: "Mo rí i o. Sanmí, mo rí i. Iwájú orí ìyá mi ló gbé wá. Ẹ wo eyín rẹ̀." Aya rẹ bú sẹ́kún ayọ̀. Ìwọ náà ní Ọlọ́run ṣeun, nǹkan náà ṣiṣẹ́.

Sanmí, àwòrán yín kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ohùn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi dágbére. Mo ti la ẹnu pé kí n sọ fún ìyá rẹ kó ní sùúrù, pé kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀, ni mo gbọ́ tó ní òun rí i. Mo pa ẹnu mi dé. Ó rò pé ọmọ náà wà níwájú òun, pé ojú òun ni kò gbé e mọ́, ó sì ń bo àìríran náà mọ́lẹ̀ kí ẹ má bàa mọ̀, kí èmi pàápàá má bàa mọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwa méjèèjì ń wo òkùnkùn kan náà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àjíkẹ́, ó jọ ìyá rẹ."

Nítorí náà, má fi ẹ̀rọ kankan ránṣẹ́ mọ́. Bí ọ̀nà bá lè là, gbé ọmọ náà wá sí Ìrókò. Ọwọ́ ìyá rẹ ṣì mọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ pa á lójú, kó fọwọ́ kan iwájú orí tó ń yìn yẹn. Bẹ́ ẹ bá dé, kí ẹ ṣe bí ẹni pé ìsinmi lásán lẹ wá lò.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín lájò yóò mú yín padà bá wa láyọ̀. Ọwọ́ yín kò ní ṣòfo, ilé yín kò ní dahoro, ẹ kò ní wá wa tì.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Oyèkúnlé.

Àfikún: Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìró bírò mi, ó bi mí ẹni tí mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Ó ní bó bá di ọjọ́ tí mo máa kọ̀wé sí ọ, kí n má gbàgbé sọ fún aya rẹ pé aṣọ pupa tó wọ̀ fún ọmọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi yẹ ẹ́ gan-an.