Àwòrán Bọ̀dá Jídé

Àbámẹ́ta, 3 Èrèlé, 2007

Ojú tì mí lónìí. Ìgbéyàwó kan ní Sinkor, ní Monrovia níbí. Ọkọ fi òrùka sí ìyàwó lọ́wọ́, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, èmi náà tẹ kámẹ́rà bí ẹni tí iṣẹ́ dá lójú. Òkùnkùn ni mo yà. Ìdérí ṣì wà lójú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe ẹ̀rín, eyín lásán ni.

Sùnwọra ni mo sọ kámẹ́rà yìí. Uncle Gbóyèga tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ló fún mi nígbà tí wọ́n ra tuntun. Bí èèyàn ò bá fọwọ́ kàn án fúngbà díẹ̀, oorun ti gbé e lọ. Kó tó jí, ohun tí à ń wò ti kọjá. Ẹni tó ṣe é ì bá fún un lẹ́nu: Ẹniọlá, ìdérí. Ẹniọlá, bátìrì ti ń kú lọ. Ẹniọlá, inú ilé lo ṣètò mi sí lánàá, ìta la wà yìí. Èmi ń gbàgbé, òun ń sùn — àwa méjèèjì la jọ ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí.

Ajé, 5 Èrèlé

Baba ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Decoration Day. Oṣù tó ń bọ̀ ni, ọjọ́ tí gbogbo Monrovia ń lọ roko ibojì tí wọ́n sì ń kùn ún lẹ́fun. Wọ́n fẹ́ kí á kọ orúkọ Bọ̀dá Jídé sára ibojì ìyá Màmá. Kò sí òkú rẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ lásán. Láti ìgbà ogun ìkẹyìn, ní 2003, la ò ti gbúròó rẹ̀. Baba ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ.

Ṣùgbọ́n ní Iléṣà tí wọ́n ti wá, bàbá kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀. Baba fúnra wọn ló kọ́ mi ní èèwọ̀ yẹn. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í fo ìlà kan nínú òfin. Mi ò mọ ohun tó ń lé wọn.

Màmá kọ̀. Ọmọ ibí ni wọ́n, ẹ̀yà Bassa, ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní í sin ọmọ tí àwọn ò rí òkú rẹ̀. Wọn ò sì gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ pé ó wà láàyè. Àwọn kan ti wá rí, pé àwọn rí Jerome ní Ghana — Jerome ni Màmá sọ ọ́ — wọ́n jẹun, wọ́n gba owó ọkọ̀, wọ́n lọ. Nísinsìnyí ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń sọ: "Bring me picture. My own eye must see him."

Ilé ayàwòrán nìyí o, fọ́tò rẹ̀ ẹyọ kan ò sí. Gbogbo èyí tí a ní ló jóná.

Ẹtì, 9 Èrèlé

Mo rí i. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjà Red Light ni, mo lọ ra bátìrì. Ọkùnrin kan ń ti bárò tó kún fún ìrẹsì, èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀. Bọ̀dá já bọ́ lórí igi máńgòrò nígbà tí a wà ní kékeré, èjìká yẹn ò padà sípò rẹ̀ mọ́. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo tẹ̀ ẹ́. Sùnwọra ń sùn. Ó ń jí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ olówó. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa fi là, ẹ̀yìn ìyá ẹlẹ́ja ló wà níwájú mi.

Mo pariwo "Jerome!" Ọkùnrin méjì wẹ̀yìn wò. Òun kọ́.

Àbámẹ́ta, 10 Èrèlé

Mo padà lọ. Kò sí.

Ajé, 12 Èrèlé

Kò sí. Eruku ni mo jẹ bọ̀.

Ìṣẹ́gun, 13 Èrèlé

Kámẹ́rà tí mo fẹ́ nìyí: èyí tí kì í sùn. Èyí tó ń wò kí n tó gbé e sójú, pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kó fún mi ní ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ. Kì í ṣe ohun tó wà níwájú mi. Ohun tó wà níwájú mi, mo ti mọ ìyẹn.

Wọ́n ṣe ìsàmì ọmọ tuntun ní Lakpazee lónìí, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni mò ń wò, bóyá èjìká kan á kọjá. Ọmọ náà ṣí ojú, mi ò rí i yà. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 22 Èrèlé

Princess wá, ó ní kí n ya pásípọ́ọ̀tù fún òun. Ògiri kan ló pín ilé wa. Lọ́dún ogun náà ni àwọn oníbọn wá mú ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò padà. Ó jókòó ṣinṣin, kò mira, kò rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí.

Ọjọ́rú, 28 Èrèlé

Àǹtí Suwebat, ọmọ Ìwó tó ń ta ìrẹsì ní Red Light, ni mo bi nípa ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ rẹlẹ̀. Wọ́n ní ó ti máa ń kó ẹrù fún àwọn rí. Wọ́n ní bó bá ń ka àpò, Yorùbá ló fi ń kà á, àwọn sì rò pé Ìjẹ̀bú ni, torí ó ka ara rẹ̀ sí èèyàn pàtàkì. Slipway ló wà báyìí, ó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi.

Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú yẹn. Lẹ́yìn náà mo wá kọ́nà kan, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 1 Ẹrẹ́nà

Òun ni. Òun ni. Kí n kọ ọ́ kíá kí n má baà gbàgbé ohunkóhun.

Ó jókòó ní Slipway lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò sá. Ó ní, "Eni, you get fat o," bí ẹni pé àná la ríra. Ó ti gbẹ. Mo dì mọ́ ọn, ó jẹ́ kí n dì mọ́ òun, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ ò gbéra nílẹ̀.

Mo ní ká máa lọ sílé. Ó bi mí ibi tí Princess ń gbé. Mo ní ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀ náà ni. Ó wo omi títí, kó tó sọ ọ́: òun wà láàárín àwọn tó wá mú ọkọ rẹ̀. Òun kọ́ ló yìnbọn. Òun ló mọ ilé.

Mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ̀dá tèmi. Mo kúrò díẹ̀, mo tún padà jókòó. Ó rí i pé mo kúrò.

Kò ní í wá sílé láé, ó ní báwo lòun ṣe máa kí obìnrin náà ẹ kú àárọ̀. Lọ́la ni ọkọ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́ ń lọ sí ìlú Harper, kò sì ní padà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n ya ẹyọ kan ṣoṣo nítorí Màmá. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó yá ó ní Ma nìkan ni kó rí i, kí wọ́n má gbé e kọ́ sára ògiri.

Ó ṣí fìlà. Mo yẹ ìdérí wò, mo yẹ bátìrì wò, mo ṣètò rẹ̀ fún ìta. Mo tẹ̀ ẹ́. Oòrùn pọ̀, mo fi gèlè mi ṣíji bo kámẹ́rà, àwa méjèèjì ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà yẹn, ó mọ́ kedere, àní ilà kékeré tó wà ní iwájú orí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Ó ní ó jọ Baba.

Bí mo ṣe ń lọ, ó bá mi sọ Yorùbá fúngbà àkọ́kọ́: "Sọ fún Baba pé mi ò wọlé mọ́, bí wọ́n ṣe ní kí n má wọlé." Mo bi í kí ló ń sọ. Ó dé fìlà rẹ̀.

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́

Káàdì ò sí nínú kámẹ́rà.

Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Àlùkò tó ń fọ fọ́tò fún mi. Àárọ̀ ni mo gbé e lọ kó lè fọ pásípọ́ọ̀tù Princess. Mo gbàgbé láti gbà á padà. Kámẹ́rà yà á, ó fi hàn wá, kò rí ibi tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹtì, 2 Ẹrẹ́nà

Mo sáré lọ sí Slipway. Ọkọ̀ ti lọ.

Mo gbé kámẹ́rà lọ bá Àlùkò, mo ní ẹni tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí ò lọ́kàn, ì bá kọ̀ láti yà bí káàdì ò bá sí. Àlùkò tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó fi ibì kan hàn mí. Ohun tí mò ń wí gan-an ló wà níbẹ̀: kó má yà bí káàdì ò bá sí. Ẹnì kan ti rò ó ṣáájú mi. Èèyàn kàn máa tàn án ni. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ Uncle ló ti wà níbẹ̀, tí mò ń ṣépè fún ẹni ẹlẹ́ni.

Bí mo bá pa ojú dé, mo ń rí i lábẹ́ gèlè. Àwòrán náà ti ń parẹ́ láti eteetí. Ilà iwájú orí yẹn, apá ọ̀tún ni àbí òsì?

Àìkú, 4 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún wọn lẹ́yìn ìsìn. Mo fi ti Princess pamọ́. Màmá ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí, wọ́n na ọwọ́ sí mi. "The picture?" Mo ní kò sí. Mo ṣàlàyé káàdì. Wọn ò tiẹ̀ bínú.

"So you too, Ẹniọlá."

Wọ́n padà sórí ìrẹsì wọn. Baba ní ojú tó ń wá nǹkan kì í pẹ́ rí i, kódà níbi tí kò sí. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ tí Bọ̀dá rán mi sí wọn. Ó dà bí ẹ̀sùn, ẹ̀jẹ̀ ríru Baba ò sì tíì lọ sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ nínú ilé yìí. Nígbà mìíràn èmi náà ò gba ara mi gbọ́.

Àbámẹ́ta, 10 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ti kọ ọ́. Ọ̀dà dúdú, lábẹ́ orúkọ ìyá Màmá. JEROME ỌLÁJÍDÉ. Ẹni tó kọ ọ́ bèèrè ọjọ́ tó kú, Baba ní kó kọ ọdún nìkan. Wọ́n ní kí n yà á. Mo ní bátìrì ti kú. Irọ́ ni.

Màmá ò jẹun.

Ajé, 12 Ẹrẹ́nà

Mi ò lè gbé e mọ́, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Baba. Wọ́n ń kàwé. Mo sọ ọ́ bí Bọ̀dá ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ta ló sọ èyí fún ẹ?"

Mo ní òun ni. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́, wọn ò wo ojú mi. Ó wá sílé lọ́jọ́ kan nínú ogun náà, nígbà tí èmi àti Màmá sá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbọn wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lójú títì. Ó ní oorun ń kun òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn. Baba ní kó má wọ ilé àwọn mọ́ láéláé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, Ẹniọlá. Àfi èmi àtòun."

Wọ́n wọ yàrá lọ. Ìwé wà nílẹ̀ níbi tó bọ́ sí, mo bá wọn mú un.

Ọjọ́rú, 14 Ẹrẹ́nà. Decoration Day

Baba ti jáde kí á tó jí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé àwọn lọ wá ẹni tí yóò bá wa roko, ká bá àwọn níbẹ̀. Ibojì kún bí ọjà: àdá, korobá ẹfun, àwọn tó ń kọrin, àwọn tó ń mutí. Princess wà lápá ọ̀hún, ó ń kun ibojì ọkọ rẹ̀ tí òkú ò sí nínú rẹ̀. Ó juwọ́ sí wa. Mo juwọ́ padà, ọwọ́ náà wúwo.

A dé ti ìyá Màmá. Wọ́n ti roko rẹ̀ mọ́. Orúkọ ìyá wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, funfun báláú. Orúkọ Bọ̀dá ò sí. Ẹfun ti bò ó.

Màmá fi ìka kàn án. Kò tíì gbẹ. Wọ́n wo ìka wọn, wọ́n wò mí.

"Da Jerome," ni wọ́n wí. "He come say he not dead." Wọ́n jókòó sórí ibojì, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹkún bá ẹ̀rín. Wọ́n fa ọwọ́ mi. "So you wasn't lying to me."

Wọ́n ní kí n yà á kíá, kí oòrùn tó mú un gbẹ. Baba dé látẹ̀yìn wa, wọ́n dúró ti Màmá, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé wọn léjìká. Mo wo káàdì. Mo wo bátìrì. Ìdérí. Mo gbé e sójú, mo fà á súnmọ́, ibẹ̀ ni mo ti rí i: ẹfun nínú èékánná Baba, gbogbo rẹ̀, àti lẹ́bàá ìka. Baba rí i pé mo rí i. Wọn ò gbé ọwọ́ náà kúrò.

Wọ́n gbà mí gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹtì, 16 Ẹrẹ́nà

Fọ́tò yẹn ò ṣàṣìṣe kankan. Gbogbo èékánná ló hàn. Mo ní kí Àlùkò gé e láti ibi èjìká Màmá sókè, kó fi orí wọn àti ibi funfun sílẹ̀. Ó ní mò ń ba fọ́tò tó dára jẹ́. Mo ní kó gé e.

Màmá ti há a sí etí dígí wọn. Àwọn aládùúgbò ń wò ó, Princess náà wò ó, ó ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Baba dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó bi mí pé ọwọ́ àwọn ńkọ́.

Mo ní kámẹ́rà ò gbé e.