Ẹ̀bẹ̀ lórí ‘E ma’ tí Báńkì Kọ sí Ìyá Mi

Ilé Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ẹ̀sùn Oníbàárà,
Ilé Ìfowópamọ́,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ KÁÀDÌ TÍ Ẹ TÌ PA ÀTI ÀKÁǸTÌ TÍ Ẹ GBẸ́SẸ̀ LÉ

Èmi ni aránṣọ tí ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní yàrá iwájú ilé wa. Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo bí ọmọbìnrin kan, àyà rẹ̀ kò sì lágbára; bí ó bá fẹ́ sùn, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Rọ́bà tó so ẹ̀rọ náà mọ́ ìbomú rẹ̀ ti sán. Nítorí rọ́bà yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹjọ́.

Orí ìkànnì nìkan ni wọ́n ti ń ta irú rẹ̀, káàdì tí ẹ fún mi láti máa fi rajà àwìn ni mo sì fi ń rà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mo ń fi káàdì ṣeré. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló kọ́ mi pé kí n máa fi ọwọ́ ara mi tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kí n má ṣe gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́. Ó ní kí n máa wo àmì àgádágodo lókè kí n tó sanwó, kí n má sì rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ilé ìwòsàn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, èmi náà sì ń ṣọ́ tèmi. Mo tilẹ̀ lẹ ègé aṣọ mọ́ ẹ̀yìn káàdì náà, kí ẹni tó bá wá wọn aṣọ má baà rí nọ́ńbà mẹ́ta tó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ra rọ́bà tuntun, mo gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì fi fóònù àti káàdì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, tí ń bá wa gbé. Àwọn kan kọ̀wé wọlé bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n. Wọ́n ní ọjà wa há sọ́nà, kí a tẹ nọ́ńbà káàdì àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó lè dé. Ìyá mi kọ̀. Kò pẹ́ sí i ni àtẹ̀jíṣẹ́ tiyín náà wọlé.

Ìyá mi kì í ṣe aláìmọ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ ìwé kíkà, Yorùbá tó lámì lórí tó sì lámì nísàlẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí ẹ kọ sí i rèé, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an: “E ma fun won ni nomba eyin kaadi yin bi won ba beere.” Ó fara balẹ̀ tú u. Ó mọ̀ pé káàdì kì í yé ẹyin, kò sì ní eyín lẹ́nu. Ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ ń wí. “Ma” yẹn nìkan ló gbé e ṣubú. Ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni “ẹ má fún wọn.” Ohun tí ó kà ni “ẹ máa fún wọn.” Báńkì ti sọ̀rọ̀, ta ni òun tí yóò jiyàn?

Ó fi abẹ́rẹ́ mi tú aṣọ tó wà lẹ́yìn káàdì, ó tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì fi kún un pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi.” Kí n tó dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ná káàdì náà gbẹ, ṣọ́ọ̀bù gidi kò sì rí owó rọ́bà wa gbà mọ́.

Mo sáré wá sí ọ́fíìsì yín. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ẹ̀sùn ní báńkì ti kìlọ̀, àwa la kọtí ọ̀gbọin. Ó ní kí obìnrin tó jókòó tì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè kí ó lè ṣe ẹlẹ́rìí. Obìnrin náà kà á: “Ẹ máa fún wọn...” Ó tún wò ó, ó wá kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lé lórí. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè ṣi òṣìṣẹ́ yín lọ́nà, ẹ ṣàánú arúgbó tó dá kà á nílé.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé yín dé. Ẹ ní àìbìkítà mi ló fà á, gbèsè náà tèmi ni, káàdì yóò sì wà ní títì títí n ó fi buwọ́ lùwé pé mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì tí owó iṣẹ́ mi ń wọ̀. Bí mo bá buwọ́ lùwé, ẹ ó máa kó ohunkóhun tó bá wọlé. Bí n kò bá buwọ́ lù ú, n kò lè fọwọ́ kan owó mi. Ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Mo ti fi téèpù wé rọ́bà náà. Mo fi aṣọ wé e, mo sì fi òwú tó nípọn jù lọ nílé mi rán an. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ náà ní kí n má rán an mọ́. Ó ní òun kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá já nígbà tí ọmọ ń sùn. Ìyá mi jókòó tì í, ó fi ọwọ́ di ibi tó sán. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á ṣe. Ó ní ọwọ́ tó ba nǹkan jẹ́ ni yóò mú un dúró. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọ, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí ìyá náà.

Mo fi orúnkún mi méjèèjì bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì mi kí n lè ra rọ́bà yìí. Ẹ máa ṣe ìwádìí yín lẹ́yìn náà. N kò ní sá lọ. Ẹ wá àwọn tó kó owó náà, kí ẹ sì gbé gbèsè ọ̀hún kúrò lọ́rùn mi, nítorí ọ̀rọ̀ tiyín ni ìyá mi tẹ̀ lé. Ẹ sì máa fi àmì sórí ohun tí ẹ bá ń kọ sí wa. Àmì kékeré kan lásán lẹ fi ṣahun.

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ yín mìíràn wọlé: “E ma beru, a n wo oro yin.” Ìyá mi kò jẹ́ fọwọ́ kan fóònù mọ́. Láti ibi tó jókòó sí, tó di rọ́bà mú, ó ní kí n gbé e súnmọ́ òun. Ó kà á, ó gbójú sókè, ó bi mí pé kí ni báńkì wí, ṣé ká má bẹ̀rù ni, àbí ká máa bẹ̀rù. N kò tíì dá a lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí ń wọ̀nà,

Alábẹ́rẹ́,
Aránṣọ àti oníbàárà yín.